Bí a ṣe ń kọ ìtàn àròsọ nípa obìnrin tí wọ́n tì mọ́ ilé asínwín ayé Victoria láìya wèrè

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé Ọbabìnrin Victoria, láàárín 1837 sí 1901, ìwé ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ obìnrin ju ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ. Mọ̀lẹ́bí kan á fọwọ́ sí ìwé àṣẹ, dókítà méjì á kọ ìwé ẹ̀rí, wọ́n á sì so ìwé kan mọ́ ọn tó ń ṣàlàyé irú ẹni tí obìnrin náà jẹ́. Òǹkọ̀wé tó bá mọ ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí dunjú kò ní í wá ìtàn tì. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n ló máa ń kó dókítà òǹrorò, ìjì òru àti igbe inú òkùnkùn jọ, tí òǹkàwé tó mọ ìgbà náà yóò sì pa ìwé dé kó tó dé orí kẹta.

Ẹ yan ọdún kí ẹ tó yan orúkọ

Òfin yí padà léraléra láyé Victoria. Ọdún tí wọ́n mú olú ẹ̀dá ìtàn yín ni yóò sọ ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé, ẹni tó lè tú u sílẹ̀, àti irọ́ tí ẹ kò gbọdọ̀ pa.

Láti 1828 ni òfin ti ní kí dókítà méjì jẹ́rìí kí ilé asínwín aládàáni tó gba ẹni tó ń sanwó. Òfin 1845 mú un le sí i. Dókítà méjèèjì gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ alájọṣe, wọn kò gbọdọ̀ ní ìpín nínú ilé tí wọ́n ń gbé e lọ, àyẹ̀wò náà kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ méje lọ kó tó wọlé. Ọdún yìí kan náà ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ àwọn Kọmíṣánnà ọ̀ràn asínwín sílẹ̀, láti máa bójú tó àwọn ilé asínwín. Dókítà mẹ́ta àti lọ́yà mẹ́ta ló ń gbowó nínú wọn, àwọn ọlọ́lá tí kò gbowó sì wà pẹ̀lú. Lord Ashley, tó di Earl of Shaftesbury lẹ́yìn náà, ló ṣe olórí wọn títí ó fi kú ní 1885. Láti 1853, ìwé ẹ̀rí kò gbọdọ̀ dúró lórí àgbọ́sọ nìkan. Dókítà gbọ́dọ̀ kọ nǹkan kan tí òun fúnra rẹ̀ rí. Láti 1862, ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ ti fojú ara rẹ̀ rí obìnrin náà láàárín oṣù kan ṣáájú. Ìgbà tó di 1890 ni wọ́n tó ní kí májísíréètì tàbí adájọ́ fọwọ́ sí ti olówó náà. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan sílẹ̀: bí ọ̀ràn bá jẹ́ kánjúkánjú, mọ̀lẹ́bí kan àti dókítà kan lè tì í mọ́lé fún ọjọ́ méje.

Ohun tó máa ń ya àwọn òǹkọ̀wé tuntun lẹ́nu ni pé ṣáájú 1890, òtòṣì ló máa ń bá májísíréètì pàdé. Obìnrin tí ìjọba ń bọ́ nílò àṣẹ májísíréètì àti ìwé dókítà kan. Ìyàwó ọlọ́lá, tí ọkọ rẹ̀ ń sanwó ilé aládàáni, kò rí adájọ́ kankan. Inú pálọ̀ ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tó gba ìwé ìròyìn kan fi jẹ́ ti àwọn obìnrin olówó. Bí ẹ bá fẹ́ kọ ti alágbàfọ̀ tàbí ọmọ-ọ̀dọ̀, ẹ jẹ́ kí májísíréètì náà hàn: ó jókòó, kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ó sì ní ogún ọ̀ràn mìíràn nílẹ̀. Àárẹ̀ rẹ̀ tó láti ba ayé ọmọbìnrin náà jẹ́ láìjẹ́ pé ó burú.

Bí ẹ bá gbé ìtàn yín lọ sí Scotland, gbogbo èyí yí padà, nítorí àṣẹ ṣẹ́ríìfù, ìyẹn adájọ́ àdúgbò, ni wọ́n nílò níbẹ̀. Amẹ́ríkà náà ní òfin tirẹ̀. Ní Illinois, òfin 1851 gbà kí ọkọ fi ìyàwó rẹ̀ sí ilé asínwín láìsí irú ẹ̀rí tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Bí Elizabeth Packard ṣe lo ọdún mẹ́ta ní Jacksonville láti 1860 nìyẹn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀ adájọ́ ní Kankakee ní 1864, ìṣẹ́jú méje ni wọ́n fi jókòó kí wọ́n tó sọ pé orí rẹ̀ pé.

Kí ni ẹni tó tì í mọ́lé ń wá?

Ibí ni ìtàn púpọ̀ ti ń wó. Ìdí méjì tí gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rò ni kò bófin mu.

Àkọ́kọ́, ọkọ kò lè tì í mọ́lé kó lè fẹ́ ẹlòmíràn. Wèrè kò di ìdí ìkọ̀sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di 1937. Bó ti wù kó pẹ́ tó níbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ni. Ọkọ lè gbé obìnrin mìíràn wọlé, ṣùgbọ́n kò lè gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Èkejì, owó rẹ̀. Kí òfin 1870 àti 1882 tó dé, owó àti ohun ìní tí obìnrin mú wọlé ọkọ ti di ti ọkọ. Kí ló tún fẹ́ tì í mọ́lé fún? Bí owó bá jẹ́ ìdí, tí ẹ sì fi ìtàn sí 1855, ẹ gbọ́dọ̀ sọ pé bàbá rẹ̀ fi owó náà sábẹ́ àwọn alágbàtọ́, pé òun nìkan ló lè ná an. Ẹ jẹ́ kí alágbàtọ́ kan wọ ìtàn, kó sì máa kọ lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò fèsì.

Ìdí tó dúró gbọn-in ni pé wọ́n fẹ́ pa á lẹ́nu mọ́. Ní oṣù kẹfà 1858, Rosina Bulwer Lytton dìde níbi ìpolongo ìbò ní Hertford, ó sì tú àṣírí ọkọ rẹ̀ tó ti yà á sọ́tọ̀ lójú gbogbo èrò. Ọkọ yìí ni ìjọba fi ṣe mínísítà àwọn ilẹ̀ òkèèrè lọ́dún náà. Láìpẹ́, wọ́n gbé Rosina lọ sí Inverness Lodge ní Brentford. Ariwo ìwé ìròyìn ló jẹ́ kó jáde lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tó ni ilé náà ni Robert Gardiner Hill, dókítà tó lókìkí pé ó kọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sílẹ̀ ní Lincoln. Ẹ fọkàn sí i: ẹni tó tú wèrè sílẹ̀ nínú irin ni wọ́n fa obìnrin tí orí rẹ̀ pé lé lọ́wọ́.

Àwọn ìdí mìíràn wà tí ẹ lè mú lò. Harry Weldon ń san £1,000 lọ́dún fún Georgina, ìyàwó rẹ̀ tí wọn kò gbé pọ̀ mọ́, ó sì fẹ́ dín in kù. Ìdílé Louisa Nottidge kò fẹ́ kí owó rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn kan ní Somerset tó dara pọ̀ mọ́. Wọ́n fipá gbé e lọ sí Moorcroft House ní 1846. Louisa Lowe máa ń kọ̀wé tó ní ẹ̀mí ló ń darí ọwọ́ òun. Wọ́n tì í mọ́lé ní 1870, ó sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1873 láti bá òfin náà jà. Méjì tó gbẹ̀yìn yìí ló dára jù fún òǹkọ̀wé. Ìgbàgbọ́ wọn ṣàjèjì lóòótọ́. Nottidge gbà pé Ọlọ́run wà nínú olórí ẹgbẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lára, ilé ẹjọ́ sì dá a láre ní 1849 pẹ̀lú £50. Olú ẹ̀dá ìtàn tí kò ní àléébù kankan máa ń rọrùn láti dá láre, nítorí náà kì í mú òǹkàwé ronú.

Ẹ kọ ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà kí ẹ tó kọ orí kìíní

Ẹ kọ wọ́n pátá, bí wọ́n ṣe máa rí lórí tábìlì ọ̀gá dókítà. Wọn kò ní láti wọ inú ìtàn, ṣùgbọ́n inú wọn ni ìtàn yóò ti jáde.

Ìwé àṣẹ ni àkọ́kọ́. Orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i, bó ṣe jẹ́ sí obìnrin náà, ọjọ́ tó rí i kẹ́yìn. Ẹ yan ẹni yìí dáadáa, nítorí òun náà ló lè ní kí wọ́n tú u sílẹ̀. Bí ọkọ bá fọwọ́ sí i, ìtàn ìkà lásán ni. Bó bá jẹ́ ìyá rẹ̀ ńkọ́, tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó gbà pé òun ń ràn án lọ́wọ́?

Ìwé àlàyé tó so mọ́ ọn ń béèrè ọjọ́ orí, bó ti lọ́kọ tàbí kò ní, iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀, ibi tó ń gbé, bóyá ìgbà àkọ́kọ́ nìyí, ọjọ́ orí rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, bó ti pẹ́ tó, ohun tí wọ́n rò pé ó fà á, bóyá ó ní wárápá, bóyá ó fẹ́ pa ara rẹ̀, bóyá ó lè pa ẹlòmíràn lára. Ẹ dáhùn wọn bí ẹni tó fẹ́ kó wọlé ṣe máa dáhùn. Níwájú “ohun tó fà á”, ìdílé lè kọ ìbímọ, ọ̀fọ̀, ẹ̀sìn, tàbí ìwé kíkà jù.

Lẹ́yìn náà ni ìwé ẹ̀rí dókítà méjèèjì, abala méjì ló sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: ohun tí dókítà fúnra rẹ̀ rí, àti ohun tí àwọn ẹlòmíràn sọ fún un. Àpẹẹrẹ tí a hun fún ìtàn àròsọ nìyí:

“Èyí tí èmi fúnra mi rí: ó ń yára sọ̀rọ̀, ó sì kọ̀ láti jókòó. Ó ní kò sí ohun tó ṣe òun. Ó tẹnu mọ́ ọn pé olùkọ́ àwọn ọmọ òun ń wọ aṣọ òun.

“Èyí tí àwọn ẹlòmíràn sọ fún mi: ọkọ rẹ̀ sọ pé kì í sùn lóru, pé ó ń tú àpótí kiri. Ọmọ-ọ̀dọ̀ sọ pé ó sun lẹ́tà nínú iná.”

Kò sí irọ́ kan nínú rẹ̀. Kò jókòó nítorí àlejò tí kò mọ̀ wọlé láìpè é. Àpótí tó ń tú, aṣọ rẹ̀ tó sọnù ló ń wá. Olùkọ́ náà ń wọ aṣọ rẹ̀ lóòótọ́, òǹkàwé yóò sì mọ̀ ní orí kẹfà. Ìlànà tó wà níbẹ̀ ni pé kí gbogbo gbólóhùn inú ìwé ẹ̀rí jẹ́ òtítọ́, kí àpapọ̀ wọn sì jẹ́ irọ́. Bí ẹ bá fi irọ́ gbangba síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà di ti ọlọ́pàá, ohun tó ń dẹ́rù bani nínú rẹ̀ sì parẹ́.

Ẹ ránti pé dókítà kì í sábà sọ pé dókítà lòun. Ní oṣù kẹrin 1878, àwọn tó wá yẹ Georgina Weldon wò fi orúkọ èké wọlé bí àlejò tó fẹ́ràn iṣẹ́ àánú rẹ̀. Ìran yìí ni kí ẹ lo àkókò lé lórí jù nínú gbogbo ìwé: tíì, bísíkíìtì, ìbéèrè tó dà bí ẹ̀yẹ, obìnrin tó ń dáhùn tayọ̀tayọ̀. Ẹ kọ ọ́ lójú obìnrin náà, kí ẹ tó wá fi ìwé ẹ̀rí náà hàn lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tó bá di pé ó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí òun, ọ̀ràn rẹ̀ di ti ẹni tí wèrè kó aṣọ rẹ̀ sá létí odò. Bó bá sá tẹ̀lé e ní ìhòòhò, wèrè méjì làwọn ará ọjà máa rí. Bó bínú, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Bó dákẹ́, wọ́n á kọ ìbànújẹ́.

Ilé náà

Ẹ mú ilé kan, kí ẹ sì mọ irú rẹ̀. Ilé aládàáni lè jẹ́ ilé ńlá tó ní ọgbà, dùùrù àti ìyàrá tíì, irú ti Ticehurst ní Sussex. Olówó ilé ló ń jèrè bí aláìsàn bá pẹ́. Ilé asínwín káúńtì, ti ìjọba ìbílẹ̀, ni ti àwọn òtòṣì. Hanwell ṣí ní 1831. Colney Hatch ṣí ní 1851, gígùn àwọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ lápapọ̀ sì ju máìlì mẹ́fà lọ. Ní ti káúńtì, kò sí èrè nínú kí ẹnikẹ́ni pẹ́. Owó orí ló ń bọ́ wọn, ilé sì ti kún jù. Nítorí náà, ọ̀gá dókítà káúńtì tó ń dá obìnrin dúró fún owó kò bá ìgbà náà mu. Ẹni tó lè fẹ́ kó wà níbẹ̀ ni wọ́kháòsì (ilé ìtọ́jú òtòṣì) àdúgbò, pàápàá láti 1874 tí ìjọba àpapọ̀ ti ń fi ṣílè mẹ́rin lọ́sẹ̀ ran àwọn àdúgbò lọ́wọ́ lórí òtòṣì kọ̀ọ̀kan tó wà ní ilé asínwín.

Ọjọ́ tó wọlé: wọ́n á wẹ̀ ẹ́, dókítà á wo ara rẹ̀, á sì kọ ojú ọgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti nà án. Wọ́n á kó aṣọ rẹ̀ lọ. Kí ọjọ́ méje tó pé, ẹ̀dà ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti lọ sọ́dọ̀ àwọn Kọmíṣánnà. Apá obìnrin àti apá ọkùnrin yà sọ́tọ̀. Obìnrin ń fọṣọ, ń ránṣọ, ń ṣe ilé ìdáná. Ọkùnrin ń lọ sóko. Búrẹ́dì àti tíì ni àárọ̀, ẹran àti ọ̀dùnkún lọ́sàn-án, bíà pẹ̀lú, èyí tí púpọ̀ nínú àwọn ilé káúńtì ń fún wọn kí wọ́n tó máa dá a dúró láti bí ọdún 1880 síwájú. Ọjọ́ Ìsinmi, ìsìn. Ijó ńlá máa ń wà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àlejò láti ìlú sì máa ń wá wò wọ́n.

Ìró kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ ìbàdí àwọn olùtọ́jú ṣe pàtàkì ju igbe lọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìgbà tí wọ́n bá de ènìyàn tàbí tí wọ́n dá a tì sínú yàrá sílẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n ṣe é láìtọ́, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan fojú fo ìlà kan nínú ìwé náà.

Orúkọ àrùn àti oògùn

Ẹ má fi “hysteria” ṣe ohun gbogbo. Orúkọ tó máa ń wà nínú ìwé wọn ni mania (wèrè onírúkèrúdò), melancholia (ìbànújẹ́ ńlá), monomania (wèrè lórí ohun kan ṣoṣo), dementia (làákàyè tó ń kú lọ), àti mania ẹ̀yìn ìbímọ. “Moral insanity” tí dókítà Prichard gbé jáde ní 1835 ló bá ìtàn yín mu jù: wèrè tí làákàyè kò fi bàjẹ́, ìwà nìkan ló yí. Kò sí obìnrin tó lè fi ẹ̀rí orí pípé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń lò: oògùn tó ń múni yàgbẹ́, opium àti morphia, àwọn oògùn amúnirọlẹ̀ bíi bromide láti òpin àwọn ọdún 1850 àti chloral láti 1869, omi tútù, aṣọ kánfáàsì tó nípọn. Ohun tí kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀ ni fífi iná mànàmáná mú gìrì wá (1938), iṣẹ́ abẹ tó ń gé ọpọlọ (1935), àti oorun àìmọra tí insulin ń mú wá (àwọn ọdún 1930). Mẹ́ta yìí ló ń ba ìwé jẹ́ jù, fíìmù ló sì kó wọn ràn wá.

Bó ṣe ń jáde

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀dọ́mọkùnrin ẹlẹ́ṣin wá gbé e. Òfin fúnra rẹ̀ fi àlàfo tó dára jù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Bó bá sá, tó sì wà níta fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, àṣẹ àtijọ́ kú; wọ́n gbọ́dọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú dókítà tuntun. Nottidge gbìyànjú rẹ̀, ibùdó ọkọ̀ ojú irin Paddington ni wọ́n ti rí i mú. Weldon sá kí wọ́n tó gbé e, ó fara pamọ́ fún ọjọ́ méje tí ìwé ẹ̀rí náà fi kú, ó sì jáde. Nígbà tí òfin 1882 jẹ́ kí obìnrin tó lọ́kọ lè pẹjọ́ lórúkọ ara rẹ̀, ó kó gbogbo wọn lọ sílé ẹjọ́ ní 1884.

Láti 1862, wọ́n gbọ́dọ̀ fi lẹ́tà tí aláìsàn bá kọ sí àwọn Kọmíṣánnà ránṣẹ́ láìtú u. Lẹ́tà sí ẹlòmíràn, ọ̀gá lè dá a dúró, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kó o síwájú wọn bí wọ́n bá dé. Èyí fún yín ní ìran méjì: obìnrin tí kò mọ̀ pé òun ní ẹ̀tọ́ náà, àti ẹni tó sọ fún un. Ẹ jẹ́ kí aláìsàn tó ti pẹ́ níbẹ̀ ló sọ fún un.

Ẹ má sì gbàgbé pé ọ̀pọ̀ ń jáde ní ìrọ̀rùn láàárín ọdún kan nítorí wọ́n ní ara rẹ̀ ti yá. Ìyẹn lè korò ju sísá lọ: kó gbà pé òun ti ya wèrè rí kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Nígbà tó bá délé, àwọn ọmọ ńkọ́? Òfin 1839 gbà kí ìyá bẹ ilé ẹjọ́ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje. 1873 ló gbé e dé mẹ́rìndínlógún. Ìdá márùn-ún kan ìwé yẹ kó wáyé lẹ́yìn ìtúsílẹ̀.

Àwọn ẹlòmíràn nínú ilé náà

Bí olú ẹ̀dá ìtàn bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tí orí rẹ̀ pé, tí gbogbo obìnrin yòókù ń ké tí wọ́n ń fa irun, ẹ ti ṣe ohun tí dókítà náà ṣe. Ẹ fún mẹ́rin nínú wọn lórúkọ, iṣẹ́ àti ọgbọ́n. Kí ọ̀kan ṣàìsàn lóòótọ́, kó sì jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kí ọ̀kan fẹ́ràn ibẹ̀ nítorí ìyà tó wà nílé ju èyí lọ. Àwọn ọkùnrin pẹ̀lú jẹ irú ìyà yìí: ilé ẹjọ́ fún Lawrence Ruck ní £500 ní 1859, ìyàwó rẹ̀ ló sì wà nídìí bí wọ́n ṣe tì í mọ́lé. Àṣírí tú nínú ẹjọ́ náà pé John Conolly, tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí, ń gba owó lọ́wọ́ ilé tí wọ́n gbé e lọ. Conolly yìí ni gbajúmọ̀ alátùn-únṣe Hanwell. Irú dókítà tí ẹ nílò nìyí, ẹni rere tó ní ìwé ìṣírò owó.

Ibi tí ẹ ti lè rí ìwé gidi, àti bí Yorùbá bá wọ̀ ọ́

Wellcome Collection gbé ìwé àkọsílẹ̀ aláìsàn Ticehurst àti ti York Retreat sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Àkójọ MH 94 ní National Archives ní Kew ní orúkọ àwọn tí wọ́n gbà wọlé láti 1846. Ìjíròrò ilé ìgbìmọ̀ wà nínú Hansard lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wá ìgbìmọ̀ ìwádìí 1859 sí 1860 àti ti 1877. Ẹ tẹ̀ lé obìnrin kan ṣoṣo nínú ìwé àkọsílẹ̀ láti ọjọ́ tó wọlé dé ọjọ́ tó jáde, kí ẹ wo bí gbólóhùn dókítà ṣe ń kúrú sí i lóṣooṣù. Ẹ yí orúkọ rẹ̀ padà bí ẹ bá fẹ́ lo ìtàn rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kí Yorùbá wà nínú rẹ̀, ọ̀nà wà. Sarah Forbes Bonetta, ọmọ Ẹ̀gbádò, dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1850, ó ṣègbéyàwó ní Brighton ní 1862, ó sì kú ní 1880. Nítorí náà obìnrin Yorùbá nínú pálọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe àlá. Ṣùgbọ́n ẹ má hun ilé asínwín mọ́ ìtàn tirẹ̀. Ẹ dá ẹlòmíràn. Ẹ má sì fi ilé asínwín ayé Victoria sí Èkó. 1907 ni ti Yábàá ṣí, Victoria ti kú láti 1901.

Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ fi kálámù pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọjọ́ tó wà nínú ìtàn: ọjọ́ àyẹ̀wò, ọjọ́ ìwé àṣẹ, ọjọ́ ìwọlé, ọjọ́ lẹ́tà. Bí àyẹ̀wò àti ìwọlé bá fi ju ọjọ́ méje lọ, ìwé náà kò bófin mu, ẹnì kan nínú ìtàn sì gbọ́dọ̀ rí i.